Bọ́ílà Ilé Ìfọkọ̀: Ààbò Rẹ̀ àti Owó Omi Gbígbóná

Ní ilẹ̀ Yorùbá, bí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ bá dọ̀tí, omi tútù, ọṣẹ, àkísà àti agbára apá ni a fi ń fọ̀ ọ́. Ẹni tí kò bá ráyè lè wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí ẹ̀bá ọ̀nà, níbi tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ti ń fọ ọkọ̀ gba owó. Òòrùn yóò gbẹ ẹ́, ọ̀rọ̀ yóò sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àwọn ìpínlẹ̀ tí ó wà ní ìhà àríwá orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìgbà òtútù, omi a máa dì sí ojú títì níbẹ̀ bí òkúta, wọn a sì máa da iyọ̀ sí ojú ọ̀nà kí yìnyín náà lè yọ́. Iyọ̀ yìí a máa ta mọ́ abẹ́ ọkọ̀, bí a kò bá sì tètè ṣàn án kúrò, irin ọkọ̀ yóò dípẹtà, yóò sì jẹ. Nítorí náà, àkókò tí òtútù mú jù gan-an ni ọkọ̀ nílò ìfọ̀ jù.

Irú ilé ìfọkọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó ni ọkọ̀ ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ̀ ọ́. Ilé náà dà bí àtíbàbà mélòó kan tí a tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn: ògiri wà ní ọ̀tún àti ní òsì, òrùlé wà lókè, ṣùgbọ́n iwájú àti ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀, kí ọkọ̀ lè gba ìhà kan wọlé kí ó sì gba ìhà kejì jáde. Àpótí kan wà lára ògiri. Bí oníbàárà bá ti sọ owó ẹyọ sínú rẹ̀, ẹ̀rọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí ka ìṣẹ́jú. Oníbàárà yóò mú ọ̀pá irin tí omi ń gba inú rẹ̀ jáde, yóò yí bọ́tìnnì sí ọṣẹ, tàbí sí omi lásán, tàbí sí ìda tí ń mú ara ọkọ̀ dán, yóò sì máa fọ́n ọn sára ọkọ̀ rẹ̀. Omi náà ń jáde pẹ̀lú ipá tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè ṣí ẹrẹ̀ tí ó ti gan mọ́ irin láti ọjọ́ pípẹ́. Bí owó bá tán, omi yóò dá. Kò sí ẹni tí ó ń bá a ná ọjà, kò sì sí ẹni tí ó dúró tì í.

Ohun tí oníbàárà kì í rí ni yàrá ẹ̀rọ tí ó wà lẹ́yìn ògiri. Níbẹ̀ ni pọ́ǹpù wà, níbẹ̀ ni àwọn àgbá ọṣẹ wà, níbẹ̀ pẹ̀lú sì ni ìkòkò irin ńlá tí ń se omi wà, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè ní bọ́ílà. Iná gáàsì ń jó nínú ikùn rẹ̀, omi sì ń gba inú àwọn ọ̀pá irin tí ahọ́n iná ń lá kọjá. Omi gbígbóná ni ó ń mú kí ọṣẹ ṣiṣẹ́ dáadáa. Òun ni ó ń yọ́ ọ̀rá àti òróró kúrò lára ọkọ̀. Òun náà ni kì í jẹ́ kí ilẹ̀ tí oníbàárà dúró lé di yìnyín. Bí kò bá sí bọ́ílà, irú ilé ìfọkọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú ìgbà òtútù.

Ohun méjì ni ó ń kan ẹni tí ó ni ilé ìfọkọ̀ lóminú nípa bọ́ílà yìí. Èkíní ni pé owó gáàsì ń wọlé sí i lọ́rùn lóṣooṣù. Èkejì ni pé ibi tí iná àti omi bá ti pàdé nínú irin tí a sé pa, ikú kò jìnnà sí ibẹ̀ bí a kò bá ṣọ́ra. Àwọn mìíràn rò pé ohun méjèèjì yìí ń bá ara wọn jà, pé ẹni tí ó bá fẹ́ ààbò yóò pàdánù owó, àti pé ẹni tí ó bá fẹ́ fi owó pamọ́ ní láti fojú fo ààbò díẹ̀. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ìṣọ́wóná méjì ni ó wà: ọ̀kan ń dín iṣẹ́ iná kù, èkejì sì ń lé àwọn olùṣọ́ iná lọ. Ti àkọ́kọ́ ń mú èrè wá. Ti ìkejì ti sọ ọ̀pọ̀ ilé di òkìtì àlàpà.

Ìṣirò kékeré kan yóò fi hàn bí owó ṣe ń bá omi gbígbóná lọ. Láti mú kí lítà omi kan gbóná sí i ní dígírì Celsius kan, ìwọ̀n ooru tí a nílò ni a ń pè ní kílókálórì kan. Bí omi tí ó ń ti inú ilẹ̀ wá bá wà ní dígírì 10, tí a sì fẹ́ kí ó di dígírì 50, dígírì 40 ni iná yóò fi kún un. Nítorí náà, 100 lítà omi yóò gba 4,000 kílókálórì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ooru tí iná bá mú jáde ni ó ń wọ inú omi. Apá kan ń bá èéfín lọ sí ojú ọ̀run. Bí bọ́ílà bá jẹ́ èyí tí ń fi 80 nínú ọgọ́rùn-ún ooru iná sínú omi, yóò jó gáàsì tí ó tó 5,000 kílókálórì kí ó tó lè gbé 4,000 dé inú omi. Ní Amẹ́ríkà, ìwọ̀n kan tí wọ́n fi ń ta gáàsì ni therm, ooru tí ó sì wà nínú therm kan tó nǹkan bí 25,200 kílókálórì. Èyí já sí pé therm kan yóò se nǹkan bí 500 lítà omi.

Bí ọ̀pá ìfọkọ̀ kan bá ń tú 12 lítà jáde ní ìṣẹ́jú kan, tí oníbàárà sì lo ìṣẹ́jú 5, 60 lítà ni ó lò. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ omi gbígbóná, therm kan kò ní fọ̀ ju ọkọ̀ 8 lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá fi omi gbígbóná po ọṣẹ nìkan fún ìṣẹ́jú 2, tí a sì fi omi tútù ṣan ọkọ̀ ní ìṣẹ́jú 3 tí ó kù, therm kan náà yóò fọ ọkọ̀ 21. Bákan náà, bí a bá dín ìgbóná omi kù láti dígírì 50 sí dígírì 40, dígírì 30 ni iná yóò fi kún omi dípò 40. Ìdá kan nínú mẹ́rin owó gáàsì yóò sì dúró sínú àpò. Ìṣirò yìí tún ń fi ìdí tí ìgbà òtútù fi ń gba owó hàn. Bí omi inú ilẹ̀ bá tutù dé dígírì 4, 100 lítà tí ó ń jẹ 5,000 kílókálórì tẹ́lẹ̀ yóò máa jẹ 5,750.

Kì í ṣe omi ìfọkọ̀ nìkan ni bọ́ílà ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Omi tí ó bá ṣàn sílẹ̀ láti ara ọkọ̀ ní ìgbà òtútù yóò dì lójú ẹsẹ̀, oníbàárà tí ó bá sì tẹ̀ ẹ́ lè yọ̀ ṣubú kí ó sì ṣẹ́ egungun. Nítorí èyí, àwọn tí ń kọ́ ilé ìfọkọ̀ ní ilẹ̀ òtútù a máa ri àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ inú kọnkéré ilẹ̀, kí omi gbígbóná tí a fi oògùn tí kì í jẹ́ kí omi dì pò lè máa yí nínú wọn. Ilẹ̀ náà yóò lọ́wọ́ọ́rọ́, yìnyín kì yóò sì lè dúró lórí rẹ̀. Ní oṣù tí òtútù bá mú gan-an, gáàsì tí ilẹ̀ yìí ń jẹ lè ju èyí tí omi ìfọkọ̀ ń jẹ lọ. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá pa á nítorí owó ń fi ẹsẹ̀ oníbàárà wewu. Ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀ ni láti fi ẹ̀rọ tí ń mọ ìwọ̀n òtútù síta, kí ó máa tan ooru ilẹ̀ nígbà tí omi bá lè dì, kí ó sì máa pa á nígbà tí ojú ọjọ́ bá là.

Wàyí o, kí ni ó mú kí bọ́ílà léwu? Obìnrin tí ó bá gbé ìkòkò ka iná mọ̀ pé bí omi bá ti hó, ọmọrí yóò máa gbọ̀n, oru yóò sì máa wá ọ̀nà jáde. Bí ó bá gbé ọlọ lé ọmọrí náà tí ó tún fi okùn dè é mọ́lẹ̀, kò sí ohun rere tí yóò ti ibẹ̀ jáde. Ìdí rẹ̀ ni pé bí lítà omi kan bá di oru ní gbangba, àyè tí oru náà yóò gbà ju 1,600 lítà lọ. Ẹ̀wẹ̀, omi tí ó wà ní gbangba ń hó ní dígírì 100, ṣùgbọ́n inú irin tí a sé pa kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ipá inú rẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni omi yóò máa gbóná kọjá 100 láìhó. Bí ipá náà bá di ìlọ́po 8 ipá afẹ́fẹ́ tí ó yí wa ká, omi kì yóò hó títí yóò fi tó nǹkan bí dígírì 170. Bí irin bá wá ya lójijì nígbà náà, apá kan nínú omi yìí yóò di oru ní ìṣẹ́jú àáyá, yóò sì ti ohun gbogbo tí ó wà níwájú rẹ̀ dànù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iná ni ó ń wó ilé nígbà tí bọ́ílà bá bẹ́, omi ni.

Ọlọ́gbọ́n ará Faransé kan tí ń jẹ́ Denis Papin ni ó kọ́kọ́ wá ojútùú sí ọ̀ràn yìí. Ní ọdún 1679, nígbà tí ó wà ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ó ṣe ìkòkò irin kan tí ọmọrí rẹ̀ dé pinpin, èyí tí ó fi ń se egungun títí yóò fi rọ̀. Kí ìkòkò náà má baà bẹ́, ó dá ihò kékeré kan sí i, ó fi ìdérí bo ihò náà, ó sì fi ọ̀pá tí a so ìwọ̀n mọ́ tẹ ìdérí náà mọ́lẹ̀. Bí ipá oru bá ju ti ìwọ̀n náà lọ, ìdérí yóò ṣí fúnra rẹ̀, oru yóò jáde, ewu yóò sì rékọjá. Ìdérí yìí ni baba ńlá fáàfù ààbò tí ó wà lára gbogbo bọ́ílà lónìí. Fáàfù náà kì í béèrè ẹni tí ó ni ilé, kì í sì í sùn. Bí ipá bá ti dé ibi tí a pààlà fún un, yóò ṣí.

Fáàfù nìkan kọ́ ni olùṣọ́ bọ́ílà. Géèjì wà tí ń sọ ìwọ̀n ipá àti ìwọ̀n ìgbóná tí ó wà nínú. Ẹ̀rọ kan wà tí ń pa iná nígbà tí omi bá ti gbóná tó bí a ti fẹ́. Òmíràn wà tí ń pa iná bí omi bá dínkù jù, nítorí pé irin tí iná ń lá tí kò sí omi lẹ́yìn rẹ̀ yóò pọ́n, yóò sì rọ̀. Bí bọ́ílà bá jẹ́ irú èyí tí omi rẹ̀ ń yí po lójú kan, bíi ti ooru ilẹ̀, àgbá kékeré kan wà tí ń gba omi tí ó bá wú sókè, torí pé omi tí a bá sè a máa fẹ̀ sí i. Ní ti bọ́ílà tí a fi ń se omi lásán, tí kì í ṣe èyí tí ń mú oru jáde fún iṣẹ́ ńlá, ìwé òfin àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Amẹ́ríkà pa á láṣẹ pé ìgbóná rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá dígírì 121. Àwọn olùṣọ́ wọ̀nyí ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Bí ọ̀kan bá tòògbé, òmíràn yóò wà lójúfò.

Ìtàn Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ kún fún ẹ̀kọ́ lórí ọ̀ràn yìí. Kí ilé ìfọkọ̀ tó dé, inú ọkọ̀ ojú omi àti ilé-iṣẹ́ ńláńlá ni bọ́ílà ti ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 1865, ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Sultana dúró ní ìlú Vicksburg lórí odò Mississippi. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, àwọn ọmọ ogun tí a tú sílẹ̀ ní àhámọ́ sì ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé wọn lọ sílé. Ìjọba ń san owó lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú àwọn bọ́ílà ọkọ̀ náà ti ń jò, ara irin rẹ̀ sì ti wú. Oníṣẹ́ irin tí ó wò ó fẹ́ ṣe àtúnṣe tí ó jinlẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá ọkọ̀ kò fẹ́ pàdánù èrò, wọ́n sì kàn lẹ irin pẹlẹbẹ kan mọ́ ojú ibẹ̀. Ọkọ̀ tí òfin ní kí ó kó 376 ènìyàn wá kó èrò tí ó ju 2,000 lọ. Ní òru ọjọ́ 27 oṣù náà, nítòsí ìlú Memphis, àwọn bọ́ílà rẹ̀ bẹ́. Àwọn tí ó kú ju 1,100 lọ, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ogun tí ìbọn kò pa, tí ebi àhámọ́ kò sì pa.

Ọdún kan lẹ́yìn èyí, ní 1866, àwọn kan dá ilé-iṣẹ́ adójútòfò sílẹ̀ ní ìlú Hartford, ní ìpínlẹ̀ Connecticut, fún ọ̀ràn bọ́ílà. Èrò wọn ni pé ó sàn kí a rán ẹni tí ó mọ iṣẹ́ lọ yẹ bọ́ílà wò kí ó tó bẹ́, ju kí a máa san owó fún ìdílé òkú lọ. Síbẹ̀, kò tíì sí òfin tí ó de gbogbo ènìyàn. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹta ọdún 1905, ní ìlú Brockton ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, bọ́ílà ilé-iṣẹ́ bàtà kan bẹ́ ní òwúrọ̀ nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Bọ́ílà àtijọ́ ni. Wọ́n ń lò ó nítorí pé wọ́n ń tọ́jú tuntun. Ó la òrùlé kọjá, ilé alájà púpọ̀ náà wó lulẹ̀, iná sì sọ nínú àlàpà rẹ̀. Ènìyàn 58 ni ó kú, nǹkan bí 150 sì farapa.

Ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará ìyókù lọ́gbọ́n. Ní 1907, ìpínlẹ̀ Massachusetts ṣe òfin lórí bí a ó ṣe máa kọ́ bọ́ílà àti bí a ó ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn náà bẹ̀rẹ̀ sí ṣe tiwọn, ṣùgbọ́n òfin ìpínlẹ̀ kan kò bá ti èkejì mu. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Amẹ́ríkà, tí a ń pè ní ASME ní ìkékúrú, wá kó ìmọ̀ jọ, wọ́n sì tẹ ìwé òfin bọ́ílà kan jáde ní 1915. Ní 1919, àwọn olùbẹ̀wò bọ́ílà dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, kí ìlànà lè dọ́gba láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀. Nípasẹ̀ iṣẹ́ wọ̀nyí ni bọ́ílà tí ń bẹ́ fi di ohun tí kò wọ́pọ̀ mọ́. Kì í ṣe pé iná àti omi yí ìwà wọn padà; àwọn ènìyàn ni ó kọ́ láti máa ṣọ́ wọn.

Bọ́ílà ilé ìfọkọ̀ kéré sí ti Brockton púpọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ejò náà, ejò ni. Fáàfù ààbò tí ó bá ń kán omi ń fi omi gbígbóná ṣòfò, ẹni tí kò mọ nǹkan sì lè fi ìdí dí ẹnu rẹ̀ kí omi má baà lọ. Ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ti gbé ọlọ lé ọmọrí ìkòkò. Ohun tí ó yẹ ni kí a pe oníṣẹ́ láti wádìí ìdí tí ó fi ń kán: bóyá fáàfù náà ti gbó, bóyá ipá inú bọ́ílà ni ó ga jù. Fáàfù tuntun kò gba owó tó bọ́ílà tuntun, bọ́ílà tuntun kò sì tó ẹ̀mí ènìyàn kan.

Ìṣọ́wóná èké kan tún wà tí ó wọ́pọ̀ ní ìgbà òtútù. Yàrá ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ní ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, nítorí pé iná kò lè jó dáadáa láìsí afẹ́fẹ́. Òtútù a máa gba ihò yìí wọlé, onílé a sì máa fẹ́ fi àkísà tàbí pákó dí i, kí yàrá lè móoru kí ọ̀pá omi má sì dì. Bí ó bá dí i, afẹ́fẹ́ kò ní tó iná. Iná náà yóò máa mú èéfín dúdú jáde, yóò sì máa mú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde tí ń jẹ́ carbon monoxide. Afẹ́fẹ́ yìí kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í sì í ta ènìyàn nímú. A máa ń fi òórùn sí gáàsì kí a lè mọ̀ bí ó bá ń jò, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó fi òórùn sí èyí. Orí fífọ́ àti òòyì ni ènìyàn yóò kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn náà oorun, lẹ́yìn oorun, ikú. Èéfín dúdú náà yóò sì bo ara àwọn ọ̀pá bọ́ílà, ooru kì yóò lè wọ inú omi bí ó ti yẹ. Bí 80 nínú ọgọ́rùn-ún bá tipa bẹ́ẹ̀ di 70, omi tí ó ń gba 5,000 kílókálórì yóò máa gba ju 5,700 lọ. Ẹni tí ó dí ihò nítorí owó ti pàdánù owó, ó sì ti fi ẹ̀mí òṣìṣẹ́ rẹ̀ wewu.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àwọn oògùn ìfọkọ̀. Àwọn kan nínú wọn, pàápàá èyí tí a fi ń fọ ẹsẹ̀ ọkọ̀, ní omi kíkan tí ń jẹ irin. Bí a bá kó àgbá wọn sí ẹ̀gbẹ́ bọ́ílà láìdé wọn, iná yóò máa fa oru wọn mọ́ra, oru náà yóò sì máa jẹ bọ́ílà láti inú wá. Ó dára kí oògùn ní yàrá tirẹ̀, kí bọ́ílà sì ní tirẹ̀.

Ìṣọ́wóná tòótọ́ yàtọ̀ sí gbogbo èyí. Omi tí a ń fà láti inú ilẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi ní ẹfun nínú, bí a bá sì ń sè é, ẹfun náà a máa lẹ̀ mọ́ irin bí èépá funfun tí ó máa ń wà nínú kẹ́tùlù àtijọ́. Èépá yìí dà bí aṣọ tí a fi bo omi kí ooru má baà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Gáàsì yóò máa lọ, omi kò ní tètè gbóná, irin tí omi ìbá máa tù lára yóò sì máa gbóná jù títí yóò fi sán. Nítorí náà, ẹni tí ó ń yọ iyọ̀ ẹfun kúrò nínú omi, tí ó sì ń ha èépá bọ́ílà rẹ̀ dànù lákòókò, ń fi owó pamọ́ ó sì ń dáàbò bo ẹ̀mí nínú iṣẹ́ kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó fi aṣọ tí kì í jẹ́ kí ooru sálọ wé àwọn ọ̀pá omi gbígbóná. Ooru dúró sínú omi, ọwọ́ òṣìṣẹ́ kò sì jó. Àwọn bọ́ílà kan wà lónìí tí ń gba ooru tí ó wà nínú èéfín pàápàá kí èéfín tó jáde, ohun tí wọ́n sì ń fi sínú omi lè ju 90 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Owó wọn pọ̀ níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n gáàsì tí wọ́n ń jẹ kò pọ̀.

Dídín ìgbóná omi kù náà ní àǹfààní méjì. Omi tí ó wà ní dígírì 60 lè bó awọ ara àgbàlagbà yánnayànna ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 5, ara ọmọdé kò sì lè fara dà á tó bẹ́ẹ̀. Oníbàárà tí ó mú ọ̀pá ìfọkọ̀ dání kì í ṣe oníṣẹ́. Ó lè mú ọmọ rẹ̀ wá, ó sì lè ṣi ọ̀pá náà kọ sí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ibi tí gáàsì bá ti dínkù nítorí pé omi kò gbóná ju bí ó ti yẹ lọ, ewu pẹ̀lú ti dínkù níbẹ̀.

Iṣẹ́ ẹni tí ń tọ́jú bọ́ílà kò le, ṣùgbọ́n kò fàyè gba ọ̀lẹ. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Lójoojúmọ́, yóò wo géèjì, yóò sì kọ ohun tí ó rí sínú ìwé. Yóò wo ilẹ̀ bóyá omi ń jò. Yóò wo àwọ̀ iná, nítorí pé iná gáàsì tí ó bá ń jó dáadáa a máa jẹ́ àwọ̀ búlúù, èyí tí ó bá di pípọ́n rẹ́súrẹ́sú sì ń fẹ́ àtúnṣe. Yóò rí i pé ihò afẹ́fẹ́ àti ihò èéfín kò dí. Bí ó bá gbọ́ òórùn gáàsì, kò gbọdọ̀ tan iná tàbí pa iná mànàmáná. Kí ó jáde, kí ó kó gbogbo ènìyàn jáde, kí ó sì pe àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn láti òkèèrè. Bí ó bá rí i pé omi ti gbẹ nínú bọ́ílà nígbà tí iná ṣì ń jó, kò gbọdọ̀ da omi tútù sí i láé. Kí ó pa iná, kí ó jẹ́ kí irin tutù fúnra rẹ̀, kí ó sì ránṣẹ́ sí oníṣẹ́. Ní àkókò tí òfin bá là sílẹ̀, kí ó ṣí ilẹ̀kùn fún olùbẹ̀wò, kí ó má sì fi ohunkóhun pamọ́ fún un.

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹni tí ó bá fẹ́ jèrè lórí omi gbígbóná, kí ó máa bi ara rẹ̀ léèrè nígbà gbogbo tí ó bá fẹ́ fi owó pamọ́ pé: ṣé iṣẹ́ iná ni èyí yóò dín kù, àbí olùṣọ́ iná ni yóò lé lọ? Bí ó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, kí ó ṣe é láìfòyà. Bí ó bá jẹ́ ti ìkejì, kí ó rántí àwọn tí ó wọ ọkọ̀ Sultana ní Vicksburg, tí wọ́n rò pé ilé ni àwọn ń lọ.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ó mú kí ọkọ̀ nílò ìfọ̀ púpọ̀ ní ìgbà òtútù ní ìhà àríwá Amẹ́ríkà?

2. Bí omi bá wà ní dígírì 10, tí a sì fẹ́ kí 200 lítà rẹ̀ di dígírì 40, kílókálórì mélòó ni omi náà yóò gbà? Mélòó ni bọ́ílà tí ń fi 80 nínú ọgọ́rùn-ún ooru sínú omi yóò jó?

3. Ṣàlàyé bí fáàfù ààbò tí Denis Papin ṣe ti ń ṣiṣẹ́.

4. Kí ni ewu tí ó wà nínú dídí ihò afẹ́fẹ́ yàrá ẹ̀rọ? Báwo ni ó ṣe ń mú kí owó gáàsì pọ̀ sí i?

5. Dárúkọ ohun mẹ́ta tí a lè ṣe tí yóò dín owó kù tí yóò sì tún mú ààbò pọ̀ sí i.

6. Kọ àròkọ kan lórí òwe yìí: "Ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará ìyókù lọ́gbọ́n."